Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Bàbá Ọmọ Tuntun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Ìyá Ọmọ, Ẹ Jẹ́ Ká Mú Ìwé àti Bírò

Ẹ̀yin bàbá ọmọ,

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run yóò dá ọmọ sí, yóò dá ìyá rẹ̀ náà sí.

Ẹ̀yin tí ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí lífù (ìsinmi) ìbímọ rẹ̀ ń lọ sópin, là ń kọ̀wé yìí sí, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Ṣàgámù dé Ìpẹru, Ìlíṣàn àti Ìsarà. Iṣẹ́ tiwa ni ìtọ́jú ìyá àti ọmọ. Àwọn kan nínú wa sì máa ń bá àwọn ìyá ṣírò owó oṣù àti owó ọjà. A dìídì ṣe é tí a kò kọ ọ́ sí àwọn ìyàwó yín. Wọ́n ti ń ro ọ̀rọ̀ náà, bóyá kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí wọ́n jókòó sílé, láti ìgbà tí oyún ti wà ní oṣù méje; ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

Bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé nìyí. Ìyàwó á ní lífù òun ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ á béèrè pé èló gan-an ni wọ́n ń san fún un níbi iṣẹ́ yẹn. Wọ́n á yọ owó ọkọ̀, wọ́n á yọ owó ẹni tí yóò máa gbọ́mọ, wọ́n á rí i pé ohun tó kù kò tó nǹkan. Ọkọ á ní, "Kí ló wá dé tí o ń pa ara rẹ? Jókòó sílé." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìṣirò yẹn la fẹ́ bá yín tú palẹ̀, torí pé ó ti wọ́ láti ìlà kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ká ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan nítòsí íntáṣéńjì Ṣàgámù ń san 100,000 náírà lóṣù fún ìyàwó yín, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù. Ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ 600 ní àlọ, 600 ní àbọ̀, 26,400 nìyẹn. Ká ní kírẹ́ṣì jẹ́ 25,000. Oúnjẹ ọ̀sán, 500 lójúmọ́, ó di 11,000. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 8,000. Gbogbo ohun tó jáde jẹ́ 70,400, ó wá ku 29,600. Iye tiyín lè yàtọ̀, torí ẹni tó ń wọkọ̀ láti Òde-Rẹ́mọ kò lè san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ìtòsí. Ẹ fi tiyín rọ́pò tiwa, ìlànà kan náà ni.

Ẹ wo ìlà kírẹ́ṣì yẹn dáadáa. Ta ló ní ọmọ? Bí ẹ bá ń san owó ilé, ẹ kì í yọ gbogbo rẹ̀ nínú owó oṣù ẹnì kan kí ẹ tó wá sọ pé iṣẹ́ onítọ̀hún kò lérè. Àmọ́ tó bá di owó ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, orí ìyá nìkan lẹ máa ń kó o lé, bí ẹni pé òun nìkan ló ń ti ilé jáde láàárọ̀. Iṣẹ́ tiyín náà kò ní ṣeé ṣe bí kò bá sí ẹni tó gbé ọmọ yẹn dání. Inú àpò ilé ló yẹ kí owó náà ti jáde, kí kálukú dá a gẹ́gẹ́ bí owó tó ń wọlé fún un ṣe tó. Ká ní ẹ̀yin ń gba 150,000, tí òun ń gba 100,000: 25,000 náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀yin ẹ mú 15,000 wá, kí òun mú 10,000 wá. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ti di 44,600 nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ̀.

Ìlà owó ìfẹ̀yìntì náà wà níbẹ̀. 8,000 yẹn kò sọnù, orúkọ rẹ̀ ló wà lára àkáǹtì tó wọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ìdá mẹ́wàá tiwọn kún un. Bó bá jẹ́ pé gbogbo 100,000 náà ni wọ́n fi ṣírò, 18,000 ló ń wọlé sí àkáǹtì ọjọ́ ogbó rẹ̀ lóṣooṣù. Ọjọ́ tó bá jókòó sílé, 18,000 náà dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa ń ránti kọ ọ́ sínú ìṣirò. Kí ìyàwó yín sì yẹ àkáǹtì náà wò kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń yọ owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí wọn kì í fi ránṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ náà kéré ju bó ṣe rí lójú ìwé lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní àṣà òyìnbó ni kí abiyamọ máa jáde lọ ṣiṣẹ́. Níbo? Ní Ìjẹ̀bú yìí? Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ìyàwó rẹ̀, Hannah Dídeolú, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ń ṣòwò, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ nílé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni iṣẹ́ tó ní aago, tó ní géètì, tí kò gba ọmọ lẹ́yìn wọlé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Iṣẹ́ ṣíṣe fúnra rẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí àwa náà ti máa ní kó jókòó. Bó bá jẹ́ pé Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ní láti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní aago márùn-ún àárọ̀ kó tó wọlé padà ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ọmọ kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà, a kò ní gbà yín níyànjú pé kó máa lọ lójoojúmọ́. Kò sí ọ̀nà tí ọmọ yóò fi rí omi ọmú jẹ tó, ìyá náà kò ní sùn, owó ọkọ̀ nìkan á sì ti jẹ owó oṣù tán. Kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tó sún mọ́lé, tàbí kó lo ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ mọ́ lífù ìbímọ, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá kọ gbogbo rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ kó wá ti ìtòsí. Bákan náà ni iṣẹ́ ojúmọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ kọńtirákítọ̀ láìsí lẹ́tà kankan. Òfin Iṣẹ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Labour Act, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta tó wọṣẹ́. Ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹ má fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ètò ọdún kan.

Òfin kan náà, ní abala 54, ni kí ẹ jọ kà. Obìnrin tó bá mú ìwé dókítà wá pé ó ṣeé ṣe kí òun bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ gbà á láàyè kó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, owó tí wọ́n máa san fún un ní gbogbo àsìkò yẹn kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sàn jù, ọ̀sẹ̀ 16 ni. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé, nígbà tó bá padà, tó sì ń fọ́mọ lọ́mú, òfin fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín àkókò iṣẹ́ fún ọmú nìkan.

Kó má fẹnu béèrè èyí lẹ́nu géètì o. Bó bá fẹnu béèrè, súpáfáísọ̀ àárọ̀ á gbà, ti ọ̀sán á ní òun kò gbọ́ sí i. Kó kọ lẹ́tà kúkurú ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tó máa padà, kó dárúkọ abala 54, kó kọ aago méjì tó fẹ́, bí aago mẹ́wàá àbọ̀ àti aago méjì, kí wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún un láti mú délé. Kó béèrè yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fún omi ọmú.

Ọ̀rọ̀ omi ọmú yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ibẹ̀ ni ètò ọ̀pọ̀ ilé ti ń dàrú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmú nìkan ló yẹ kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Ìyá lè padà síbi iṣẹ́ kí ìyẹn má sì yẹ̀, bó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fún un pa mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di òru ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tó máa lọ síbi iṣẹ́, ara rẹ̀ á le gan-in, omi kò ní wá, á sì rò pé ọmú òun ti gbẹ.

Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kó wá ife ẹlẹ́nu gbòòrò tó ní ìdérí, èyí tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì ti sè nínú omi híhó. Kó fi àtàǹpàkò sí òkè ọmú, kó fi ìka tó tẹ̀ lé e sí ìsàlẹ̀, kí méjèèjì jìnnà sí orí ọmú ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Kó tì wọ́n sẹ́yìn lọ sí igbá àyà, kó fún wọn pọ̀, kó tú wọn sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó lè má sí ju ẹ̀kán kan méjì lọ. Kó má dáwọ́ dúró. Bó bá yá, á máa tú jáde bí òwú. Kó má fọwọ́ fà á lórí awọ, torí awọ ló máa bó, omi kò sì ní torí ẹ̀ wá. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ń dẹ̀, kó yí ìka sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ní ọmú kan, kó lọ sí èkejì, kó tún padà. Gbogbo rẹ̀ máa ń gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdajì wákàtí tí òfin fún un ba ìwọ̀n yẹn mu rẹ́gí.

Èló ni ọmọ máa mu? Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà máa ń mu bíi mílílítà 30 sí 45 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ìyá kò fi sí nílé. Wákàtí mẹ́sàn-án jẹ́ bíi 300 sí 400. Kò tó omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, tó jẹ́ 500. Kí ẹ pín in sí ife kéékèèké, 60 sí 90 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí èyí tí ọmọ bá fẹnu kàn, tí kò mu tán, kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ kí ẹ tó dà á nù. Ó máa ń dun ìyá gan-an láti da omi ọmú nù.

Ìtọ́jú omi ọmú yìí ni ẹ̀yin bàbá lè gbà ṣe pátápátá. Wákàtí mẹ́rin ló lè lò nínú yàrá tí kò gbóná ju 25 lọ lórí òṣùwọ̀n sẹ́líṣíọ̀sì. Yàrá wa ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ dín in kù. Nínú kúlà tí yìnyín kún, ó lè lo wákàtí 24. Nínú firíìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin. Àmọ́ ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má ka firíìjì sí firíìjì. Ẹ kà á sí kúlà. Ẹ máa gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́rin sínú fírísà ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà, òun ni yìnyín tí ìyàwó yín máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sára ife kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pẹ́ jù ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé e ka iná. Omi gbígbóná nínú abọ́ ni kí ẹ gbé ife sí títí yóò fi lọ́wọ́rọ́. Ife kékeré tàbí ṣíbí ni kí wọ́n fi fún ọmọ, torí ó rọrùn láti fọ̀ ju fídà lọ, kì í sì í da inú ọmọ rú bí fídà tí kò mọ́ ṣe máa ń ṣe.

Ó wá ku ẹni tó máa gbọ́mọ. Kí ẹ tó ṣèlérí pé "màmá mi á wá," ẹ bi màmá léèrè. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú ṣì ní ìsọ̀ tiwọn ní ọjà Òkè-Ajé tàbí níwájú ilé, wọ́n sì ń dá èsúsú tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn ìsọ̀ láti wá gbé ọmọ yín, owó ti ń sọnù lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì máa san án fún wọn lóṣooṣù, kì í ṣe "ẹ gbà, ẹ fi ra obì." Ẹ tún fi ojú àgbà wò wọ́n: ọmọ oṣù mẹ́wàá tó ń rá gbàágbàá kì í ṣe ohun tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè máa lé kiri láti aago méje títí di aago mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ omi àti àgbo sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa bá màmá yín sọ ọ́. Bó bá ti ẹnu ìyàwó wá, wọ́n á ní ìwé ló gùn ún lórí. Bó bá ti ẹnu ọmọ bíbí inú wọn wá, tó rọra sọ pé, "Màmá, nọ́ọ̀sì ní kó má mu nǹkan kan yàtọ̀ sí ọmú títí á fi pé oṣù mẹ́fà o," wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á sì gbà.

Bó bá jẹ́ kírẹ́ṣì, ẹ má lọ wò ó láàárọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀. Ẹ lọ ní aago kan ọ̀sán, láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ka àwọn ọmọ ọwọ́, ẹ ka àwọn tó ń tọ́jú wọn. Bó bá ti ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ fún ẹnì kan, ẹkún á wà tí kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń tẹ́ wọn sùn. Ẹ wo ibi tí gáàsì wà, ibi tí dúrọ́ọ̀mù omi wà àti bóyá ó ní ìdérí. Ẹ béèrè bóyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ife tó ní orúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ bá dé pẹ̀lú ibà. Ẹni tó bá ní "a máa ń gba gbogbo wọn" ni kí ẹ sá fún. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń tì. Bí kírẹ́ṣì bá ń tì ní aago mẹ́rin, tí iṣẹ́ sì ń parí ní márùn-ún, wákàtí kan àti ìrìnàjò ló wà láàárín tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dí, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ onítọ̀hún kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń ṣí nígbà tí ilé ìwé bá lọ fún ìsinmi ọdún. Ẹ má gbàgbé Ojúde Ọba: ọjọ́ kẹta Iléyá, ilé iṣẹ́ ní Ṣàgámù lè ti ṣílẹ̀kùn nígbà tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ṣì wà lójúde.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún 12 kò lè tọ́jú ọmọ oṣù mẹ́ta, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì kà á léèwọ̀ láti gba ọmọdé síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé ẹbí rẹ̀. Àgbàlagbà ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kírẹ́ṣì á ṣàìsàn. Ikọ́, kàtá, ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n á máa tẹ̀ léra wọn fún oṣù bíi mélòó kan. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 12 lọ́dún fún àìsàn ara tirẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ọmọ. Ìsinmi ọdọọdún tí òfin ní kó má dín kù sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá jẹ́ ìyá nìkan ló ń gba àyè ní gbogbo ìgbà tí ara ọmọ bá gbóná, oṣù mẹ́rin kò ní kọjá kí ọ̀gá rẹ̀ tó fún un ní lẹ́tà. Ẹ pín in: ẹ̀yin lónìí, òun lọ́la. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ní tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ lè mọ̀ láti ìsinsìnyí: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, oṣù mẹ́sàn-án, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni lífù rẹ̀ fi kọjá ìbímọ, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá á bọ́ sí àkókò iṣẹ́. Ẹ gbé káàdì dání, ẹ gbé ọmọ, ẹ lọ tò. Àwọn nọ́ọ̀sì kì í lé bàbá.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin tó ń sọ pé kó jókòó sílé, kó "máa ṣe nǹkan kékeré." Nǹkan kékeré wo? Gàrí lẹ sábà máa ń dárúkọ. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣe. Wọ́n á ra ẹ̀gẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á dì í sápò kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á kù ú, wọ́n á yan án. Owó jáde lọ́jọ́ kìíní. Ó di bí ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje kí kọ́bọ̀ tó padà. Ẹni tó bá ní owó ọ̀wọ́ kan ṣoṣo á kàn jókòó wo àpò ni láàárín ọjọ́ yẹn. Owó ọ̀wọ́ méjì ló kéré jù, kí ọ̀kan máa kan nígbà tí èkejì wà lọ́jà. Bó bá kánjú yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, gàrí kò ní kan, àwọn oníbàárà Èkó tí wọ́n mọ ti Ìjẹ̀bú á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì kọjá lọ. Bí kò bá fún un gbẹ dáadáa, á di kókó lójú agbada, igi púpọ̀ á sì run sí i. Nígbà òjò, omi pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́. Àpò kan náà kì í fún un ní gàrí tó ti ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á le, ẹ̀gẹ́ á wọ́n.

Níbo wá ni ọmọ wà ní gbogbo àsìkò yìí? Ẹ̀yìn ìyá, lẹ́bàá agbada, nínú èéfín. A kò fẹ́ rí i. Èéfín igi máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọwọ́ jẹ́, iná sì wà nílẹ̀ fún ọmọ tó bá ti ń rá. Bó bá jẹ́ gàrí lẹ yàn, ẹ fi owó ẹni tó máa bá a yan án sínú ìṣirò. Kí ìyá mójú tó ríra ẹ̀gẹ́, kíkan rẹ̀ àti títà. Èrè á dín kù díẹ̀, ọmọ á sì mí.

Bó bá jẹ́ ìsọ̀ níwájú ilé, ohun tó ń pa á ni ilé fúnra rẹ̀. Agolo mílíìkì kan láàárọ̀, ọṣẹ méjì lọ́sàn-án, "fún bàbá ọmọ ní káàdì fóònù." Ẹ má mú nǹkan kúrò lórí tábìlì rẹ̀ láìsanwó. Kó ní ìwé kan fún ọjà, kó ní àpò kan fún owó oúnjẹ, kí méjèèjì má pàdé. Ìsọ̀ tó kógbá sílé kó tó pé oṣù mẹ́fà, ìdílé tó ni ín ló sábà máa ń jẹ ẹ́ run, kì í ṣe àìríjà tà.

Bí ẹ bá wá fẹnu kò pé kó gbájú mọ́ ọmọ, kó má ṣe iṣẹ́ kankan fún ọdún kan tàbí méjì, kò burú, ìpinnu gidi ni. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tó máa wọ àkáǹtì tirẹ̀ lóṣooṣù, yàtọ̀ sí owó oúnjẹ, kó má jẹ́ èyí tó máa tọrọ. Láti 2019 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì ti wà fún ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́. Iye tó bá wù ú ló lè máa dá, apá kan rẹ̀ ló lè yọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èyí tó kù á dúró de ọjọ́ ogbó. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó má jẹ́ kí láísẹ́ńsì rẹ̀ kú, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe, àti pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó so mọ́ ọn ní owó tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ san. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, bí ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án tàbí ọdún kan àbọ̀. Ìpinnu tí kò ní ọjọ́ àtúnyẹ̀wò máa ń di ogún ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó ń padà, ẹ ṣe ìdánwò kan ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kó má jẹ́ ọjọ́ Àìkú, torí ọjọ́ Àìkú kò ní fi bí ọ̀nà ṣe máa ń há hàn yín. Ọjọ́ Ajé ló dára jù. Kó jí ní aago tó máa jí, kó fún ọmọ lọ́mú, kó wọṣọ, kó jáde, kó wọkọ̀ dé ẹnu géètì ibi iṣẹ́, kó sì jókòó síbi kan ládùúgbò yẹn títí di aago tí iṣẹ́ ń parí. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ọmọ lọ fún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú kúlà àti ife, kí ẹ sì wo aago. Bí ọmọ bá kọ ife, ẹ má pe ìyá padà. Ọmọ tó ń gbọ́ òórùn ìyá rẹ̀ kì í gba ife, ọmú ló máa bèèrè fún. Ẹlòmíràn ni kó gbé e, kó jókòó sí yàrá mìíràn, kó fi ẹnu ife kan ètè ìsàlẹ̀ ọmọ, kó jẹ́ kó fúnra rẹ̀ lá a. Kó má dà á sí i lọ́nà ọ̀fun. Bó bá kọ̀, kó sinmi ìdajì wákàtí, kó tún gbìyànjú. Lálẹ́, ẹ ka ife tó ṣẹ́ kù, ẹ kọ aago tí kálukú dé, kí ẹ fi ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ náà tún ibi tó bá ti já ṣe.

Àwa ni,
àwọn agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àti ìyá ọlọ́jà tí ẹ jọ ń gbé ìlú,
Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ